Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mo máa ń fi í wé, títí di alẹ́ ọjọ́ tí mo jágbe mọ́ ọmọ mi nítorí ife omi.

Ife ló yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, omi dà sórí tábìlì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà wá àkísà, ó ń nu tábìlì, kò sì gbójú sókè wò mí mọ́. Nígbà tí ilé dákẹ́, mo fa ìwé àjákọ rẹ̀ kan tó ti lò tán yọ, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo kọ ọ́ pé: “Inú ń bí mi.” Mo wò ó, kì í ṣe òun. Mo fa ìlà pa á. Mo kọ “Ó ti rẹ̀ mí.” Ìyẹn sún mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó fọwọ́ ba ojú egbò: “Ojú ń tì mí.” Láàárọ̀ ọjọ́ náà, onílé béèrè owó ilé lọ́wọ́ mi lójú àwọn ayálégbé yòókù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú. Ìtìjú àárọ̀ ni mo gbé kiri títí ilẹ̀ fi ṣú, tí mo wá fi kanra mọ́ ọmọ mi.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, bẹ́ẹ̀ làpálàpá ni ọ̀pọ̀ wa ń pa bí wàhálà bá dé. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa kọ ohun tó ń ṣe yín sílẹ̀ nìyẹn.

Èdè wa gan-an ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa, torí ó máa ń tọ́ka ibi tó ti ń dunni. Inú ló ń bíni, inú ló ń bàjẹ́. Àyà ló ń já. Ojú ló ń tini. Ọkàn ló ń pòrúúruù. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, oògùn wọn kò sì papọ̀. Ọkùnrin tí àyà ń já nítorí àyẹ̀wò tí dókítà ní kó lọ ṣe, bó bá ń pe é ní ìbínú, ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa bá jà, kò sì ní dé ibi àyẹ̀wò. Nítorí náà, èdè tí ẹ fi ń sunkún ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ má dààmú lórí àmì ohùn, kò sí olùkọ́ tó máa gba ìwé náà wò.

Ní 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn kan kọ nǹkan yẹpẹrẹ. Àwọn mìíràn kọ ohun tó dùn wọ́n jù, àtohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára wọn. Àwọn tó pa méjèèjì pọ̀ yìí kò lọ sílé ìtọ́jú tó àwọn yòókù ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ gan-an, ńṣe ni inú wọn bàjẹ́ sí i. Egbò tí a bá ń fọ̀ a máa ta.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àṣà òyìnbó nìyí. Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san ti Ìbàdàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, ó sì kọ àìlówó lọ́wọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ láìfi bò. Àwọn ìwé náà ṣì wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.

Tiyín kò ní láti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ojú ẹlòmíì kò ní tó. Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ kọ ọ́ tán, kí ẹ ya á. Bí ẹ bá ti mọ orúkọ ohun tó ń ṣe yín, ẹ kọ ohun kan péré tí ẹ lè ṣe lọ́la sábẹ́ rẹ̀. Èmi kọ méjì: kí n bẹ ọmọ, kí n sì lọ bá onílé ní ìdákọ́ńkọ́ pé kó gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ń kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò lọ, tàbí tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í wù yín, ìwé kò tó o. Ẹ má dúró kó pé ọ̀sẹ̀ méjì bó bá jẹ́ ti ikú. Ẹ gbé ìwé náà dání lọ bá dókítà, kí ẹ sì ṣí ojú ewé kan fún un bí ẹnu yín kò bá lè sọ ọ́.