Ibi Tí Ó Yẹ Kí Èéfín Jẹnẹrétọ̀ Máa Gbà Jáde

Láti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ti wọ abúlé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni kò sí nínú òkùnkùn mọ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nítorí olè, ẹlòmíràn a máa gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní alẹ́, a ti ilẹ̀kùn, a sì ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ kí èéfín lè rí ọ̀nà lọ. Fèrèsé kan kò tó. Mẹ́ta pàápàá kò tó.

Èéfín tí ojú ń rí kọ́ ni ó burú jùlọ. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ènìyàn lójú. Bí a bá fà á símú, a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ rere lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200, afẹ́fẹ́ rere kì yóò sì rí àyè mọ́. Orí yóò máa fọ́ni, òyì yóò máa kọ́ni, èébì yóò máa gbéni. Àwọn ará ilé a ní ibà ni. Ẹni tí ó bá ti sùn lè má jí mọ́. Aṣọ tí a fi bo imú kò lè dá a dúró.

Àwọn mìíràn a máa jó páìpù gígùn mọ́ ọn, kí ó gba ara ògiri jáde, nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà nínú yàrá. Ọgbọ́n náà kò pé, nítorí ojú ibi tí a jó pọ̀ a máa là, èéfín a sì máa jò sínú ilé.

Ìta gbangba ni àyè rẹ̀. Kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu páìpù rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Fèrèsé aládùúgbò ńkọ́? Ẹ̀yìnkùlé wa lè jẹ́ ibi tí ọmọ ẹlòmíràn gbé orí lé. Igun ògiri méjì kò dára, èéfín a máa dúró síbẹ̀; abẹ́ òrùlé náà kò dára, a máa gba abẹ́ páànù wọ àjà. Ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí dára láti wò, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: ní ìgbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó ń wá, ní ìgbà ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn.

Ní ti olè, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àgò onírin tí a ó fi sìmẹ́ǹtì dì mọ́lẹ̀, tí ó ní àgádágodo, pẹ̀lú páànù kan lórí fún òjò, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ṣíṣí. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, a mọ̀. Ilé méjì lè dá a.

Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kí gbogbo ilé bọ́ sí ìta lójú ẹsẹ̀, kí á gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, kí á sì sọ fún dókítà pé jẹnẹrétọ̀ wà ní títàn, kí ó má baà máa tọ́jú ibà.