Akàn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bọ́ Èèpo

Òde ara ni egungun akàn wà. Èèpo líle yẹn ló gbé e ró, òun náà ló ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá. Iṣan tó fi ń rìn àtèyí tó fi ń gé nǹkan, inú èèpo ni wọ́n so mọ́. Kítíìnì àti purotéènì ni awọ abẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe é, kálísíọ́mù ló ń mú un le. Oríkèé ló rọ̀, kí ẹsẹ̀ lè ká. Bó ṣe rí lára Callinectes amnicola, akàn ọ̀sà Èkó, náà ló rí lára edé.

Ọmọṣẹ́ apẹja mọ èyí. Ohun tó ń fojú fò ni pé èèpo kì í dàgbà. Akàn ló ń dàgbà nínú rẹ̀. Bí àyè bá há, akàn á kọ oúnjẹ, á fa díẹ̀ nínú kálísíọ́mù èèpo padà sára, á ṣe èèpo rírọ̀ mìíràn sábẹ́ ti àtijọ́. Á wá mu omi títí á fi wú, èèpo á là lẹ́yìn, akàn á sì fẹ̀yìn jáde, tẹsẹ̀ tìka. Kódà awọ inú àpòlúkù rẹ̀ ń bọ́. Lọ́jọ́ náà, ó rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín.

Kí ọjọ́ yẹn tó pé ló yẹ kí ẹni tó ń sin ín ti yà á sọ́tọ̀. Láìpẹ́ yìí, wọ́n ń yin ọ̀dọ́ kan ní Àjégúnlẹ̀ pé ó gbọ́n, ó kó gbogbo akàn rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan. Ọgbọ́n wo nìyẹn? Akàn líle a máa jẹ akàn rírọ̀. Láyé tí ọmọṣẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ apẹja àgbà létí omi Àpápá, agbọ̀n akàn rírọ̀ yàtọ̀ sí agbọ̀n akàn líle. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀, ìfọ́tí ló máa jẹ. Ó ṣe, agbọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn ti dàwátì.

Àwọn tó ń yin ọ̀dọ́ náà ní bí akàn bá tilẹ̀ já ara wọn lẹ́sẹ̀, kò burú, ẹsẹ̀ tó já á tún hù. Òótọ́ ni: ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti ń já wà nídìí rẹ̀, awọ kan á sì dí i kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá tún bọ́ èèpo ni ẹsẹ̀ tuntun ń yọ, kékeré ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Èyí tí wọ́n ti jẹ tán kò ní ẹsẹ̀ tó máa hù.

Akàn tó bá kọ oúnjẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ má sì kó èèpo tó bọ́ dànù: ọ̀pọ̀ akàn ń jẹ ẹ́ láti gba kálísíọ́mù padà.