ÀGBÉBỌ̀ MẸ́TA ÀTI ÀKÙKỌ KAN
Ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sin adìyẹ ní ẹ̀hìnkùlé

Ó ṣòro láti rí agbo ilé kan ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò tí àkùkọ kì í kọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni baálé tí a lè bi léèrè iye adìyẹ rẹ̀ tí yóò sì lè dáhùn. A rà wọ́n, a tú wọn sílẹ̀, wọ́n ń jẹ̀ kiri. Ọyẹ́ dé, gbogbo wọn kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, baálé a sì wí pé ọwọ́ òun kò bá adìyẹ mu. Kì í ṣe ọwọ́ ni ó burú. Ètò ni kò sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí adìyẹ pẹ́ lọ́dọ̀ òun, kí ó tẹ̀lé ohun márùn-ún wọ̀nyí bí a ti tò wọ́n.

1. Ilé ni kí ó ṣáájú. Igi, ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ tó láti fi kọ́ ọ. Kí ó ga kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3, nítorí ejò, ẹtà àti ọ̀rinrin. Kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí òjò má ṣe wọ̀ ọ́. Kí a fi igi dábùú inú rẹ̀ fún wọn láti bà lé, kí a sì máa gbá ìgbẹ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó dára fún ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

2. Rírà. Àgbébọ̀ 3 àti àkùkọ 1 tó fún ọdún kìíní. Bí ó bá ṣe é ṣe, kí a rà wọ́n lọ́wọ́ aládùúgbò tí a mọ ilé rẹ̀. Adìyẹ ọjà lè ti sùn ní ọjà méjì tàbí mẹ́ta. Ó lè ti kọjá ààlà láti Kétu tàbí Pọ̀bẹ̀, kí ó sì ti kó àrùn lọ́nà. Nítorí náà, adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, àti èyí tí a gbé lọ sí ọjà tí kò tà, kí ó dá gbé lábẹ́ àgò fún ọ̀sẹ̀ 3, níbi tí ó jìnnà sí àwọn ti ilé.

3. Ẹyin àti òròmọ. Ẹyin 10 sí 12 tó fún adìyẹ kan láti sàba lé. Ní ọjọ́ 21 ni wọn yóò pa. Ní alẹ́ ọjọ́ keje, kí a gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan síwájú iná tọ́ọ̀ṣì: èyí tí iṣan pupa hàn nínú rẹ̀ ní ọmọ, èyí tí ó mọ́ kedere kò ní. Bí àgbébọ̀ 3 bá pa òròmọ 8 8, 24 ni. Bí a bá sì fi wọ́n sílẹ̀ fún àṣá àti òjò, kì í ṣe ìyanu bí 6 péré bá dàgbà. Kí ìyá àti ọmọ wà lábẹ́ àgò fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni èrè tàbí àdánù ọdún wà.

4. Oúnjẹ. Kí omi mímọ́ má ṣe wọ́n wọn. Òròmọ fẹ́ ikán àti àgbàdo lílọ̀. Àgbà a máa jẹ àgbàdo, èérí àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ dáadáa, nítorí èyí tútù ní májèlé nínú. Ìkarahun ìgbín tí a gún kúnná a máa mú kí èèpo ẹyin le. Àgbàdo tí ó ti bu kò yẹ fún wọn.

5. Lúkúlúkú. Èyí ni olórí ọ̀tá. Àwọn oníṣègùn ẹran ń pè é ní àrùn Newcastle, nítorí ìlú náà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti rí i ní ọdún 1926. Ní Nàìjíríà, a kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀ nínú ọyẹ́ ọdún 1952 sí 1953. Adìyẹ a sorí kọ́, a máa mí gúlegúle, a máa ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé. Ọrùn òmíràn a lọ́. Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn. Kápúsù tí à ń tú sínú omi kò lè ràn án. Ṣùgbọ́n oògùn àjẹsára wà, tí a ń kán sí ojú adìyẹ tí ara rẹ̀ le. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní Vom, nítòsí Jos, láti ọdún 1924, ń ṣe é. Ìgò kan tó fún ọ̀pọ̀ adìyẹ, bí a bá sì ti pò ó, ọjọ́ náà ni kí a lò ó tán. Nítorí náà, kí agbo ilé bíi mẹ́wàá dáwó jọ nínú oṣù Ọ̀wàrà, kí ọyẹ́ tó dé, kí wọn pe oníṣègùn ẹran, kí wọn sì tún ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ilé tí ó bá kọ̀ lè pa ti aládùúgbò rẹ̀ lára, nítorí adìyẹ kò mọ ààlà ẹ̀hìnkùlé.

Adìyẹ tí àrùn pa, kí a sin ín jìn tàbí kí a sun ún. Kí a má ṣe jẹ ẹ́, kí a má sì ṣe tà á. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2006 ni a rí àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ ní Kàdúná, ó sì lè ran ènìyàn.

Ní ìparí, kí olúkúlùkù ní ìwé kékeré kan: iye tí ó wọlé, iye tí ó pa, iye tí ó tà, iye tí ó kú. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ láti ìgbà tí adìyẹ rẹ̀ jẹ́ 4 yóò mọ̀ bí ó bá yẹ kí ó di 40.