Ẹ Béèrè Orúkọ Ẹni Tí Ó Ń Ta Báàsì

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí orin kan bá wọ̀ yín lára, ẹ máa ń béèrè ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ tún lè béèrè ẹni tí ó fọn fèrè. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ orin náà, tí gbogbo wọn fẹ̀yìn tì, òun ni ẹ kì í béèrè. Òun gan-an ni mo ní kí ẹ máa béèrè láti òní lọ. Orin jáàsì ni mo fẹ́ fi là á yé yín, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí báàsì pọ̀ sí, orúkọ wọn sì wà lẹ́yìn páálí àwo fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Kí ẹnikẹ́ni má wí fún mi pé kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀bú nínú jáàsì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ti ní etí rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ọ. Ìjẹ̀bú-Igbó tí Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ti wá kò jìnnà sí wa níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ wá àwo Oroki Social Club tí ó ṣe ní 1971, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan fún ìgbádùn. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un gbọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ohùn Hárúnà sílẹ̀, kí ẹ fi gangan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ lé àgídìgbo nìkan. Àpótí igi lásán ni. Wọ́n dá ihò sí ojú rẹ̀, wọ́n de irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ ọn. Ẹni tí ń lù ú a gbé e lé itan, a máa fi ìka tẹ orí irin náà kí ó tó jù ú sílẹ̀, a sì tún máa fi òrùka ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí kó-kó-kó. Ohùn díẹ̀ kan náà ni yóò máa yí po láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ọkàn yọ ọ́ kúrò nínú orin náà, ẹ ó rí i pé gangan kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé mọ́. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tí àgídìgbo ń ṣe nínú àpàlà ni dọ́bù-báàsì ń ṣe nínú jáàsì. Igi ni òun náà, ó ga ju ènìyàn lọ, okùn mẹ́rin ni ó ní, òòró ni wọ́n sì máa ń gbé e dúró. Àwọn òyìnbó tí ń ṣe orin kíláásíkà a máa fi ọ̀pá onírun fà á. Àwọn oníjáàsì a máa fi ìka ta á, ọ̀pọ̀ ìgbà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ìdá orin (bar) kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń rìn tí kò kánjú, tí kò sì dúró. Kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa rárá. Láyé àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù, òun ni wọ́n ń lò kí gìtá báàsì oníná tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fẹlá pàápàá, nígbà tí ó ti London dé ní 1963, ẹgbẹ́ jáàsì ni ó kọ́kọ́ kó jọ ní Èkó, Emmanuel Ngomalio ni ó sì ń ta báàsì fún un.

Ó dáa, níbo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ jáàsì yóò ka orúkọ ogún ènìyàn fún yín lẹ́ẹ̀kan náà, orí yóò sì fọ́ yín. Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àwo ọmọ Yorùbá ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ mú. Solomon Ilori, onílù àti olórin wa tí ó lọ tẹ̀dó sí New York, ṣe àwo African High Life fún ilé iṣẹ́ Blue Note ní 1963. Ẹ ó bá Tolani níbẹ̀, ẹ ó bá Jojolo, ẹ ó bá Aiye Le. Èdè yín ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà ọkàn yín yóò balẹ̀ tó láti wo ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ń ta báàsì níbẹ̀ ni Ahmed Abdul-Malik. Ẹ di orúkọ yẹn mú, kí ẹ máa bá a lọ.

Ó máa mú yín dé ọ̀dọ̀ Thelonious Monk tó ń tẹ dùùrù, nítorí òun ni ó wà lẹ́yìn Monk ní 1958 nígbà tí wọ́n gba ohùn àwo Misterioso sílẹ̀ ní ilé ìgbafẹ́ Five Spot. Monk a máa dákẹ́ lójijì, a máa fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ì bá ti kó ohùn jọ. Ẹ gbọ́ bí ẹ̀rù kò ṣe ba Abdul-Malik nínú àlàfo wọ̀nyẹn. Òun náà ni ó bá Monk àti John Coltrane afọnfèrè ṣeré ní Carnegie Hall ní oṣù kọkànlá 1957, eré tí téèpù rẹ̀ sùn sí ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà títí wọ́n fi tú u jáde ní 2005. Ó tún wà nínú The African Beat tí Art Blakey onílù ṣe ní 1962, Ilori náà sì wà níbẹ̀ tí ó ń kọrin, tí ó ń lu gangan. Ẹ̀yin náà rí i: orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ti mú yín dé ilé mẹ́ta, ó sì ti dá yín padà sọ́dọ̀ ará ilé.

Ilori padà sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní 1964. Báàsì ìgbà yẹn bọ́ sọ́wọ́ Bob Cranshaw, Elvin Jones sì wà nídìí ìlù. Orin ọjọ́ náà kò jáde nígbà náà, ẹ̀yìn ogójì ọdún ni wọ́n tó fi kún àwo àkọ́kọ́. Tí ẹ bá tẹ̀ lé Cranshaw, ẹ ó dé inú The Bridge tí Sonny Rollins ṣe ní 1962, àti The Sidewinder ti Lee Morgan. Èyí kejì yìí yóò mú yín jó, mo fi dá yín lójú.

Ti Elvin Jones ni ó wù mí jù kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ìlù Coltrane ni ó ń lù nígbà yẹn, Jimmy Garrison sì ni ẹnìkejì rẹ̀ nídìí báàsì. Ní 1962 àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹgbẹ́ Coltrane gba orin kan sílẹ̀ tí Coltrane pè ní Tunji, nítorí Babátúndé Ọlátúnjí, onílù ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí àwo rẹ̀ Drums of Passion ti gba ìgboro Amẹ́ríkà kan. Garrison kì í ta ohun púpọ̀ níbẹ̀. Ohùn díẹ̀ ni ó ń yí, ó ń yí i, bí alágídìgbo gan-an. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1967, Coltrane ṣeré ní ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem. Bàtá wà láàárín wọn, Algie DeWitt ni ó ń lù ú. Orin àkọ́kọ́ ni wọ́n pè ní Ogunde, orúkọ tí ará Òṣoṣà, ìlú Ògúnǹdé eléré tíátà, kò lè gbọ́ kí ó má yíjú. Nígbà tí ó kan My Favorite Things, gbogbo ènìyàn dákẹ́, Garrison nìkan ni ó ń ta báàsì fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí àwọn yòókù tó wọlé. Coltrane kú ní oṣù keje ọdún náà. Ohùn àwo yìí kò mọ́, ariwo rẹ̀ sì le. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dìgbà tí etí yín bá ti gbó.

Ó yẹ kí n sọ ti etí. Fóònù yín ni ọ̀tá àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sípíkà kékeré inú rẹ̀ kò lè gbé ohùn okùn tí ó nípọn jù lára báàsì jáde. Ẹ̀yin á rò pé ẹ gbọ́ orin tán, ìdajì rẹ̀ ni ẹ gbọ́. Ẹ lo íafóònù tí ó dára, tàbí kí ẹ lọ bá ẹni tí ó ní rédíò ńlá. Òdìkejì rẹ̀ náà burú. Àwọn sípíkà tí wọ́n ń tò sóde ìnáwó wa, tí ń mi àyà ènìyàn gìrìgìrì, kì í ṣe báàsì ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ariwo ni. Báàsì tí ó dára ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin lórí ohùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó gbọ́ ìka tí ó kan okùn, ẹ ó gbọ́ igi tí ó dáhùn, ẹ ó sì mọ ibi tí ohùn náà parí sí.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ wá So What, orin àkọ́kọ́ inú Kind of Blue tí Miles Davis afọnfèrè ṣe ní 1959. Paul Chambers ni ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ orin, fèrè ní í gbé ohùn, báàsì a tẹ̀ lé e. Níbí, báàsì ni ó ń lé, dùùrù ni ó kọ́kọ́ gbè é, lẹ́yìn náà àwọn fèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí gbè é pẹ̀lú ohùn méjì péré. Ẹni tí ó bá ti dúró nídìí wákà tàbí àpàlà rí kò nílò àlàyé lórí lílé àti ègbè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Chambers lọ́jọ́ náà. Ikọ́-ife pa á ní 1969, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ikọ́ yìí kan náà ni ó ti pa Jimmy Blanton ní 1942, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ẹni tí ó fi ọdún méjì péré lọ́dọ̀ Duke Ellington yí bí gbogbo ayé ṣe ń ta báàsì padà. Jack the Bear ti 1940 ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí àwọn méjèèjì.

Charles Mingus, atabáàsì mìíràn, ẹ ó bá a pàdé lọ́nà fúnra yín. Haitian Fight Song rẹ̀ ti 1957, báàsì nìkan ni ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ron Carter ní tirẹ̀ wà lára àwọn méjì tí ó ta báàsì nínú Uhuru Afrika, tí Randy Weston atẹdùùrù gbà sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1960, oṣù kan lẹ́yìn òmìnira wa, Ọlátúnjí sì wà nídìí ìlù. Ní 2015 ìwé Guinness kà á ní ẹgbẹ̀rún méjì lé ní igba àwo tí Carter ti ta báàsì sí. Weston yìí náà ni ó mú Niger Mambo ti Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, sínú àwo Highlife rẹ̀ ní 1963. Báàsì ibẹ̀, Peck Morrison ni. Láàárín àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun, ẹ wá Essiet Okon Essiet, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, nínú Chippin' In ti Art Blakey, 1990. Ẹ wá Michael Olatuja náà, tí ó dàgbà ní Èkó, nínú Lagos Pepper Soup rẹ̀ ti 2020.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta á fúnra rẹ̀ nínú yín, kí ó má jẹ́ kí àìsí dọ́bù-báàsì nítòsí dá a dúró. Gìtá báàsì tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yín, okùn mẹ́rin kan náà ni ó ní, E, A, D àti G, bákan náà ni wọ́n sì ṣe ń tún ohùn wọn ṣe. Ìyàtọ̀ ńlá ni pé dọ́bù-báàsì kò ní irin lọ́rùn tí yóò máa sọ ibi tí ìka yóò balẹ̀. Etí ní í wá a. Ẹ fi So What kọ́ ọ. Ìdá orin mẹ́rìndínlógún lórí D, mẹ́jọ lórí E-flat, kí ẹ padà sí D fún mẹ́jọ, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀ṣọ́ kankan kún un ní oṣù àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti lè yí i po láìsáré, láìfà sẹ́yìn, ẹ pe onígangan kan kí ó wá lù sí i, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì dúró.