Ọ̀gá, Ọmọ Iṣẹ́ àti Owó Ìjọba

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìbéèrè kan nìyí. Ta ló ń náwó lórí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?

Ẹ ó ní òbí rẹ̀ ni. Òbí ló mú owó wá nígbà tí ọmọ ń wọlé, òun náà ló sì ń tọ́jú owó de ọjọ́ òmìnira. Ẹlòmíràn á ní rárá, ọ̀gá ni. Ọ̀gá ló ń gbà kí ọmọ fi aṣọ oníbàárà kọ́ bí a ṣe ń rán ṣòkòtò, bó bá sì bà á jẹ́, ọ̀gá ló máa rà á padà. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta wà tó ń náwó lórí ìkọ́ṣẹ́. Ìjọba ni. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà owó náà, kò lè jẹ nínú rẹ̀.

NÍBO NI OWÓ NÁÀ TI Ń WÁ?

Ní ọdún 1999, ìjọba Benin dá àpò owó kan sílẹ̀. FODEFCA ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ àpò náà ni pé kó máa náwó lórí kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, àti lórí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń san owó oṣù máa ń san owó orí kan tó ń jẹ́ VPS. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún (4%) owó oṣù ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Benin di 52.000 fúráǹkì. Ẹ pín 52.000 sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún: ẹyọ kan jẹ́ 520. Ẹ mú 520 lọ́nà mẹ́rin: ó di 2.080 fúráǹkì. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń san lóṣù lórí òṣìṣẹ́ kan nìyẹn. A kì í yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Apá kan owó orí yìí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́. Ìlú Switzerland àti Denmark náà ti ran ètò yìí lọ́wọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe owó àánú. Owó iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ló sì yẹ kó padà sí.

ÌWÉ Ẹ̀RÍ MÉJÌ

Ní ọdún 2005, ìjọba fọwọ́ sí òfin kan tó dá ìwé ẹ̀rí méjì sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́.

Èkíní ni CQP. Ti ọmọ tó ti kàwé dé CM2 ni, tó sì ti pé ọmọ ọdún 14. Ọdún mẹ́ta ló máa fi kọ́ṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ ọ̀gá àti nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kan, ó wà nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìṣirò iṣẹ́, bí a ṣe ń ka àwòrán iṣẹ́, bí a ṣe ń wọn nǹkan, àti ìdí tí a fi ń ṣe ohun tí ọ̀gá ń ṣe. Iṣẹ́ aránṣọ wà nínú rẹ̀, bíríkìlà, káfíńtà, mẹkáníìkì, iná mànàmáná, ìgẹrun àti ìṣerun-lóge. Ìlú Jámánì ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ báyìí tipẹ́: ẹsẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ kan nílé ẹ̀kọ́.

Èkejì ni CQM. Ti ọmọ tí kò lọ sílé ìwé ni, tàbí tó fi í sílẹ̀ láìpẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ti kọ́ṣẹ́ tán, bí àwọn bàbá wa ṣe ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sí ìdánwò ìjọba. Níbẹ̀, ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Bí kò bá gbọ́ Faransé, iṣẹ́ tó mọ̀ kò ní tìtorí èyí di aláìmọ̀.

Ìwé òmìnira tí ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ dára, ìlú sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbé e dé Kútọnu, ta ló mọ ọ̀gá náà níbẹ̀? Ìwé CQP tàbí CQM, òǹtẹ̀ ìjọba ló wà lórí rẹ̀.

ỌJỌ́ KAN LỌ́SẸ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń le nìyí. Ọ̀gá kan lè sọ pé: "Ẹ fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tó bá lọ, ta ni yóò di irin mú fún mi?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò. Ká ní ẹnì kan ń jórin ní Gouka, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 24. Bí ọ̀kan bá ń lọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ku 23. Ohun tí ọ̀gá sọ nù nìyẹn, ọjọ́ kan nínú 24. Àmọ́ ọmọ tó mọ bí a ṣe ń wọn irin dáadáa kì í gé e ní ìgékúgèé. Irin tó bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kan lè wọ́n ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Ẹ̀rù kejì wà tí àwọn ọ̀gá kì í sọ síta. Ẹ̀rù pé ọmọ á gbọ́n ju ọ̀gá lọ ni. Lójú tiwa, ọmọ tó bá mú ìmọ̀ tuntun bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́, inú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá náà ló máa kọ́kọ́ fi dánrawò. Kí ọ̀gá sún mọ́ ọn, kó wò ó.

Ìnira gidi ni ti ọ̀nà. Ọmọ tó wà ní Pira, Agoua, Doumè tàbí Tchetti lè ní láti wọ sẹ́mìjàn kó tó dé ibi ẹ̀kọ́. Ta ló máa san owó yẹn? Kí òbí àti ọ̀gá ti fẹnu kò lé e kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ á lọ lẹ́ẹ̀mejì, á sì jókòó sílé.

Ohun mìíràn tún kù. Òfin iṣẹ́ ọdún 1998 sọ pé kíkọ ni a ń kọ àdéhùn ìkọ́ṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, àti pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ ka àdéhùn náà tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Iye ọdún, iye owó, iṣẹ́ tí ọmọ máa kọ́: kí gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ẹ sì wà nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ yín. Ibẹ̀ àti ilé iṣẹ́ méérì ni ẹ ti lè tètè gbọ́ ìgbà tí a ń forúkọ sílẹ̀.

ẸNI TÓ FẸ́ GBA ÒṢÌṢẸ́

Ọ̀gá mìíràn ti kúrò ní ọmọ iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ló ń wá. ANPE, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ni kó lọ bá. Ní ọdún 2020, ìjọba gbé ètò PSIE jáde: àwọn ọ̀dọ́ 2.000 lọ́dún, tí wọ́n ti kàwé jáde, máa lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ fún ọdún méjì, ìjọba ló sì ń san owó oṣù wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò Azôli dé fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé wọn kò pọ̀, pẹ̀lú owó Báǹkì Àgbáyé. Ìkọ́ṣẹ́ wà nínú ìyẹn náà.

Irú ètò báyìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ọ̀gá kan lè lé òṣìṣẹ́ tó ti ń sanwó fún, kó fi èyí tí ìjọba ń san owó rẹ̀ rọ́pò. Ìlú kò jèrè nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnì kan ríṣẹ́, ẹnì kan pàdánù.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí abúlé yín, tó ní kí ẹ mú owó wá kí orúkọ yín lè wọ ANPE, ẹ má fún un. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ JỌ SỌ Ọ́ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ

1. Aránṣọ kan ní Savalou ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Méjì nínú wọn ń lọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ mélòó ló kù fún un?

2. Kí ni ìyàtọ̀ CQP àti CQM? Èwo ló bá ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín mu?

3. Ní abúlé yín, ta ló yẹ kó san owó ọ̀nà ọmọ tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́: òbí, ọ̀gá, àbí àwọn méjèèjì?

4. Ẹ kọ àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ kan sínú ìwé yín, ní ìlà mẹ́fà.