Ẹ̀kọ́ Ìlera: Ìrònú Ọkàn àti Ìfun Tí Kò Jẹ́ Kí Èèyàn Sinmi

  

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àìsàn kan tó ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn lójú láti sọ jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kuje ló ń gbé, ìgboro Abuja ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ó tó wọ ọkọ̀ láàárọ̀, ó ti lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bá há wọn mọ́ ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, òógùn á bò ó, inú á máa lọ́ ọ, á máa wo igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ti lo oògùn taifọ́ọ̀dù láìmọye ìgbà. Ó ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí ó fi sú u. Àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, kò wá sí ìrun Jímọ̀ mọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé afẹ́fẹ́ lè bọ́ lára òun láàárín sàfù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ti ń gbéra ga. Ìyàwó rẹ̀ ní bóyá ayé ló ń ṣe é.

Kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe ayé. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, obìnrin tó ń jẹ irú ìyà yìí sì tún pọ̀ jù wọ́n lọ.

1. KÍ NI ÀÌSÀN YÌÍ?

Àwọn dókítà ń pè é ní irritable bowel syndrome, wọ́n sì gé e kúrú sí IBS. Bí a bá fi Yorùbá sọ ọ́, ìfun tó tètè máa ń bínú ni. Inú á máa run èèyàn, á máa wú, á máa kùn. Ìgbẹ́ àwọn kan á máa ṣe gbuuru, ti àwọn mìíràn á le koko, ti àwọn kan á sì máa ṣe méjèèjì ní ìyípo. Ìrora náà sábà máa ń bá ìgbẹ́ yíyà rìn.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìfun gbé jáde nìyí, tí a ń pè ní Rome. Wọ́n ti tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó jáde ní ọdún 2016 sọ pé inú gbọ́dọ̀ ti máa run èèyàn, ó kéré tán, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láàárín oṣù 3, kí ìṣòro náà sì ti bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù 6 sẹ́yìn. Ìrora náà gbọ́dọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ìgbẹ́ yíyà, tàbí kí iye ìgbà tí èèyàn ń yàgbẹ́ yí padà, tàbí kí ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ yí padà. Méjì nínú mẹ́ta wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà, inú tó run wá lánàá nítorí ẹ̀wà tó ti kan kì í ṣe IBS.

Bí wọ́n bá yẹ ìfun irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò, wọn kì í rí egbò. Èyí ló ń mú kí àwọn kan sọ pé, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́." Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Àìrí egbò kò sọ ìrora di irọ́. Bí ìfun ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yí padà, kì í ṣe bó ṣe rí lójú.

2. KÍ LÓ PA ÌRÒNÚ PỌ̀ MỌ́ ÌFUN?

Àwọn baba wa ti fi èdè dáhùn ìbéèrè yìí. Nígbà tí ayọ̀ bá dé, a ní inú wa dùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dun ni, a ní inú wa bàjẹ́. Ẹni tó ń fapá jánú, inú ń bí i ni. Ẹni tó ń fura, inú fu ú ni. Inú kan náà tí oúnjẹ ń lọ ni a fi sọ̀rọ̀ gbogbo ohun tí ọkàn ń rò.

Ìmọ̀ ìṣègùn ti fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ìfun ní iṣan ìmọ̀lára tirẹ̀, wọ́n ju mílíọ̀nù 100 lọ, wọ́n sì ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ọpọlọ, ìròyìn á dé ìfun: á yára jù tàbí kí ó falẹ̀ jù. Lára ẹni tó ní IBS, ìfun a tún máa gbọ́ ohun kékeré bí ohun ńlá: afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní mọ̀ á di ìrora fún un. Nígbà náà, ìfun á ránṣẹ́ padà sí ọpọlọ pé ìyọnu wà, ọpọlọ á tún bẹ̀rù sí i. Bí wọ́n ṣe ń yí po nìyẹn.

Ní ọdún 1822, ìbọn ba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis St. Martin ní Amẹ́ríkà, ó sì dá ihò sí i lára tí a fi ń rí inú àpòlúkù rẹ̀. Dókítà William Beaumont tó tọ́jú rẹ̀ wo ihò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1833 pé nígbà tí inú bá bí ọkùnrin náà, àpòlúkù rẹ̀ máa ń yí padà, oúnjẹ kì í sì í dà bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí ti ṣáájú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ tó kú ní ọdún 934, kọ odidi ìwé kan lórí àǹfààní ara àti àǹfààní ẹ̀mí. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí ara bá ń ṣàìsàn, ọkàn á gbà nínú rẹ̀, bí ọkàn bá sì ń ṣàìsàn, ara kò ní í dá wà. Ó sọ̀rọ̀ lórí ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti wáswáàsì, ó sì sọ ọ̀nà ìtọ́jú wọn.

Ìyá wa Àíṣà náà gba ọ̀rọ̀ wá láti ẹnu Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ẹ̀kọ báálì tí wọ́n ń pè ní tálíbínà a máa tu ọkàn aláìsàn lára, a sì máa mú díẹ̀ lọ nínú ìbànújẹ́. Bùkhárí àti Múslímù ló gbà á wá. A kò sọ pé oògùn IBS ni o. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé Ànábì so oúnjẹ inú pọ̀ mọ́ ìbànújẹ́ ọkàn.

Ní Kuje níbí, ìrònú kò wọ́n wa. Ta ló lè gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2022, tí àwọn agbébọn kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú yìí, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n sá lọ, nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin? Láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, owó ọkọ̀ ti di ẹrù. Owó ilé ń bẹ, owó ilé-ìwé ń bẹ, ilé tún ń pè láti Ìlọrin, Ìbàdàn àti Ìwó pé kí a fi nǹkan ránṣẹ́. Àlejò tó jìnnà sí ẹbí rẹ̀ sì sábà máa ń gbé ìrònú rẹ̀ mì. Inú ni ó ń gbé e mì sí.

3. OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A PÈ NÍ IBS

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí dá ara rẹ̀ lóhùn. Ẹ tètè lọ rí dókítà bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà;
- kí èèyàn máa rù láìmọ ìdí;
- ibà tí kò lọ, tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀;
- ìgbẹ́ gbuuru tàbí ìrora tó ń jí èèyàn lójú oorun;
- kókó nínú ikùn;
- kí ìṣòro náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti lé ní ọmọ 50 ọdún;
- kí jẹjẹrẹ ìfun ti wà nínú ẹbí.

Bákan náà, ẹ yé sọ gbogbo inú rírun di taifọ́ọ̀dù. Àyẹ̀wò Widal nìkan kò tó láti fi dá a mọ̀. Ó lè sọ pé taifọ́ọ̀dù wà níbi tí kò sí. Oògùn apakòkòrò tí a ń lò léraléra láìnídìí a máa pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun pẹ̀lú. Ní ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti oògùn ìyàgbẹ́, bí ìfun bá ti ń bínú, ẹ má fi pàṣán nà án sí i.

4. OHUN TÍ A LÈ ṢE

Oúnjẹ: Ẹ máa jẹun lásìkò, ẹ má ṣe fi ebi pa inú láti àárọ̀ kí ẹ wá fi òkèlè ńlá kún un ní alẹ́. Ẹ dín ata, òróró, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kọfí àti obì kù. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, búrẹ́dì, wàrà àti máńgòrò a máa dá afẹ́fẹ́ sínú ọ̀pọ̀ tó ní IBS. Ìrẹsì àti iṣu rọrùn jù fún wọn. Ṣùgbọ́n inú kò jọra. Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ àti bí inú ṣe ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ẹ bá fura sí, ẹ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún dá a padà díẹ̀díẹ̀ láti mọ̀ dájú. Ẹ má ṣe ka gbogbo oúnjẹ léèwọ̀ títí ara á fi rù.

Ọkàn: Ẹ máa rìn fún bí ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ẹ sùn dáadáa. Bí ìfun bá bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ikùn gbé sókè, kí ẹ sì mí síta kó pẹ́ ju mímí sínú lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Sìkírì tí a fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣe bá èyí rìn dáadáa. Ànasi ọmọ Màlíkì, tó sin Ànábì, gbọ́ bí Ànábì ṣe sábà máa ń wá ìṣọ́ra Ọlọ́hun kúrò nínú ìrònú, ìbànújẹ́ àti ẹrù gbèsè. Bí Ànábì bá tọrọ ìṣọ́ra kúrò nínú ìrònú, ta ni yóò sọ pé ẹni tó ń ronú kò nígbàgbọ́?

Oògùn: Dókítà lè fún èèyàn ní oògùn tó ń dẹ ìfun, tàbí èyí tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, tàbí èyí tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Nígbà mìíràn ó lè fún un ní amitriptyline díẹ̀. Oògùn ìbànújẹ́ ọkàn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa mú kí iṣan ìfun rọlẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2023 fi hàn pé ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe oògùn wèrè. Ẹ má ṣe rà á fúnra yín, ẹ má sì ṣe dá a dúró láìsọ fún dókítà.

5. ÀLÙWÀLÁ, ÌRUN ÀTI ÀÀWẸ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dun ọ̀pọ̀ jù. Hádíìsì Abdullah ọmọ Sáédì, tí Bùkhárí àti Múslímù gbà wá, kọ́ wa pé ẹni tó wà lórí ìrun tó ń rò pé bóyá nǹkan jáde lára òun kò gbọdọ̀ fi ìrun sílẹ̀ nítorí iyèméjì, àfi kí ó dá a lójú nípa ohùn tàbí òórùn. Ẹni tí iyèméjì yìí bá sì ń bá lójoojúmọ́, àwọn onímọ̀ Màlíkì ní kí ó pa á tì.

Ẹni tí kò lè dá a dúró lóòótọ́ ní ìrọ̀rùn tirẹ̀ nínú òfin. Ìwé Risala tí a ń kà ní ilé kéú mẹ́nu ba ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í dá. Kí ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ bá aáfà rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é, kí ó lè mọ ìdájọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ bá sì ń gbọ̀n, kí ó lọ yà á kó tó kírun. Hádíìsì kọ̀ fún wa láti máa fún un mọ́ra lórí ìrun.

Ní ti Ráàmádánì, Súràtul Bákárà, áyà 184 àti 185, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti ṣínu kí ó sì san án padà. Ẹni tó bá lè gbà á, kí ó fi omi àti dàbínù ṣínu, kí ó kírun, kí ó tó jẹun, kí ó má sì fi àkàrà gbígbóná olóròóró kọ́kọ́ kí inú.

6. OJÚṢE ẸGBẸ́

Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Làmbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, Abẹ́òkúta: àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí wọn sì wà pẹ̀lú wọn, nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé èèyàn laṣọ èèyàn. Àwa tí a wà ní ìlú tí a kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, ẹgbẹ́ yìí ni ẹbí wa. Ẹ jẹ́ kí ilé ìyàgbẹ́ mọ́sálásí mọ́, kí omi máa wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà jókòó láìsí ìbéèrè. Ẹ má fi ìsó rẹ́rìn-ín ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a kò bá rí lọ́sẹ̀ méjì ní àsàláátù, ẹ kàn sí i kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló fà á tí àyẹ̀wò fi lè máà rí egbò tí ìrora sì jẹ́ òótọ́?
2. Àmì mélòó ló yẹ kó gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá? Dárúkọ wọn.
3. Kí ni ẹni tó ń ṣiyèméjì lórí ìrun yóò ṣe?
4. Ta ni a kò tíì rí láàárín wa láti ọjọ́ yìí, ta ni yóò sì lọ wò ó?

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó fi ọkàn wa àti inú wa balẹ̀. Àmín.