Àgbájọ Ọwọ́ Lórí Òkè Yìnyín

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó kọjá, lórí òkè kan ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, mo rí ọ̀wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wọ síkì, pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gba abẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yìnyín tuntun bò, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Inú bí mi gidigidi. Bí yìnyín yẹn bá ya lù wọ́n, ta ni ì bá hú wọn?

Yìnyín Colorado kì í ṣe ohun àfojúdi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, kì í nípọn. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ sì tutù nini. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ yìnyín ìsàlẹ̀ di wóró-wóró bíi ṣúgà, tí wóró kan kò fi di èkejì mú. Yìnyín mìíràn á wá rọ̀ lé e, ẹ̀fúùfù á tún gbá ti ẹ̀yìn òkè wá kún un, gbogbo rẹ̀ á sì ki pọ̀ di pẹpẹ. Ìwúwo ẹnì kan ṣoṣo tó láti wó ìsàlẹ̀ yẹn, kí pẹpẹ náà já, kó sì ya wálẹ̀. Ibi tó dagẹ̀rẹ́ ní dígírì 30 sí 45 ló léwu jù. Ẹni tó ń rìn nísàlẹ̀ níbi pẹrẹsẹ pàápàá lè fà á, nítorí wíwó náà máa ń sáré lábẹ́ yìnyín gòkè lọ.

Nítorí náà, ẹ ka ìkìlọ̀ tí Colorado Avalanche Information Center ń gbé jáde kí ẹ tó kúrò nílé. Ìpele ewu márùn-ún ló wà. Ìpele kẹta ló ń pa èèyàn jù, nítorí àwọn èèyàn rò pé àárín kò burú. Bí ẹ bá dórí òkè, ẹ wò ó bóyá yìnyín ti ya nítòsí, bóyá ó ń dún gbìì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, bóyá ó ń sán níwájú síkì yín. Ọ̀kan péré nínú wọn tó láti mú yín padà. Ẹ lè gbẹ́ ihò láti yẹ ìpele yìnyín wò, ṣùgbọ́n ihò kan kò lè jẹ́rìí gbogbo òkè.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2013, ọkùnrin mẹ́fà lọ sí Sheep Creek, nítòsí Loveland Pass. Wọ́n ti ka ìkìlọ̀, wọ́n sì ti jíròrò lé e lórí. Wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló wà lábẹ́ òkè kan náà nígbà tó ya. Márùn-ún kú. Yìnyín há ẹni kẹfà mọ́lẹ̀ títí àwọn adóòlà fi dé, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹni tí yìnyín bò, tí wọ́n bá hú u jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kó yè. Tó bá lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, díẹ̀ ló ń yè é. Hẹlikópítà kì í sábà tètè dé bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ jáde nìkan ló lè gbà yín, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wá ẹni tí yìnyín bò, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún un, àti ṣọ́bìrì. Níbi ká hú èèyàn, òwe wa tọ̀nà pátápátá.

Níbi ká kọjá lábẹ́ òkè, kò tọ̀nà: bí gbogbo yín bá jọ kọjá, yìnyín lè bo gbogbo yín pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tún máa ń pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́. Olùwádìí kan, Ian McCammon, tó yẹ ìjàǹbá yìnyín 715 wò ní Amẹ́ríkà, rí i pé ibi téèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ojú ẹgbẹ́, àti ẹni tí wọ́n kà sí ọ̀gá máa ń ti èèyàn wọnú ewu tó hàn gbangba. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ á máa wojú ẹlòmíràn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fẹnu kò nílé pé bí ẹnì kan bá ti lóun kò lọ, gbogbo yín á padà. Bí ẹ bá sì dé ibi tó ṣeé kọjá, kí ẹnì kan ṣoṣo máa lọ, kí àwọn yòókù dúró síbi tí yìnyín kò lè dé, kí wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó lè hú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde bí òun náà bá wà lábẹ́ yìnyín.